Gìtá Mẹ́ta Ìbídùnní àti Etí Bàbá Rẹ̀

Bí ẹ bá kọjá ní Arakale, ní Àkúrẹ́, láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ rí obìnrin kan tó gbé àpò dúdú gígùn kọ́ ẹ̀yìn, tó tún fi ọwọ́ gbé irú rẹ̀ kan sí i, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbídùnní nìyẹn, ó ń lọ sí Oǹdó. Gbogbo awakọ̀ gáréèjì ló ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn sọ nígbà kan pé òun kò ní gbé òkú, kí ó kọ́kọ́ tú àpò wò. Ìbídùnní tú u. Nígbà tí awakọ̀ náà rí ohun tó wà níbẹ̀, ẹ̀rín pa á, ó sì fún un ní ìjókòó iwájú.

Gìtá ni ó wà nínú àpò. Kì í ṣe gìtá tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń ta lókè lókè kí àwọn ọmọbìnrin lè wò wọ́n o. Gìtá béèsì ni, olókùn mẹ́rin, olóhùn ìsàlẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ pé ó ń dún àfi lọ́jọ́ tí kò bá dún. Gbogbo ìjọ ló mọ onílù, gbogbo ìjọ ló mọ akọrin. Ta ló mọ ẹni tó ń ta béèsì? Bẹ́ẹ̀ òun ló gbé orin ró bí ìpìlẹ̀ ti gbé ilé ró. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun èèyàn, ó sì dára kí a tètè sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Ìbídùnní. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Alágbàká, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó àti igi gẹdú. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ pé ọ̀sán ni òru, á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” á sì lọ tan iná. Kò sí àgbàlagbà kan tó lè sọ pé Ìbídùnní já òun ní koro rí. Àyàfi ẹnì kan ṣoṣo, bàbá rẹ̀, àti lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ohùn gìtá.

Gìtá mẹ́ta ni ó ní. Ọkọ rẹ̀, Silas, ọmọ Àkúrẹ́ gidi, sọ pé ó ti pọ̀ jù. “Ìyàwó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ra góòlù,” ó á wí, “tèmi ń ra okùn. Kò sí ibi tí èèyàn lè na ẹsẹ̀ sí nínú ulé yìí mọ́.” Ṣùgbọ́n Silas yìí kan náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan igi mọ́ ògiri pálọ̀ kí àwọn gìtá lè rí ibi dúró sí, òun ló sì máa ń nu eruku ara wọn bí ó bá ku òun nìkan nílé. Ẹnu lásán ni ti Silas.

Gìtá kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Èyí àkọ́kọ́ ni Àgbà, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ṣeré nínú ẹgbẹ́ eléré kan ní Oǹdó nígbà tó ṣì jẹ́ tíṣà kékeré, tó fi ṣe ogún fún Ìbídùnní lójú ayé rẹ̀. Àgbà kì í kúrò ní Oǹdó. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá ni ibùgbé rẹ̀. Èkejì ni Pupa, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Oníbátìrì, tí Ìbídùnní rà lọ́dún tí wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, tó ní bátìrì nínú ikùn bí rédíò.

Ẹni tí kò mọ gìtá á rò pé igi ni ó ń fún un lóhùn. Igi ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìbídùnní á sọ fún ọ pé ọwọ́ píkọ́ọ̀pù ni ọ̀rọ̀ wà. Píkọ́ọ̀pù ni irin òòfà kékeré tí wọ́n fi wáyà tó tínrín ju irun orí lọ wé, tí wọ́n wá dè mọ́ abẹ́ okùn. Òun ni etí tí gìtá fi ń gbọ́ ara rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ fún sípíkà. Yí píkọ́ọ̀pù padà, gìtá di ẹlòmíràn. Ẹyọ kan fẹ̀ǹgẹ̀ ni ti Àgbà, ó wà láàárín, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún bí ẹni tó ń gún iyán ní ilé kejì: o kò rí odó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń sọ fún ọ. Méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ti Pupa, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn, àmọ́ bí iná gílóòbù gígùn bá ti tàn nínú yàrá, á máa kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ti Oníbátìrì kì í kùn rárá, ó lágbára, ó sì ń pariwo, kò mọ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Oníbátìrì yìí náà ló jẹ òróró. Nígbà tí Ìbídùnní gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Àkúrẹ́ fún ìyàsímímọ́, ìyá kan tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin aládùúrà, Màmá Joy, ni ó dìde pẹ̀lú ìgò òróró. Gbogbo wa mọ̀ pé orí ni wọ́n ń ta òróró sí. Màmá Joy ní rárá, ibi tí ohùn ti ń jáde ni ìbùkún gbọ́dọ̀ dé. Bí ó ṣe da òróró sí píkọ́ọ̀pù méjèèjì nìyẹn o, kì í ṣe kíún, ó dà á gẹ́gẹ́ bí ẹni fẹ́ dín àkàrà. Ẹ̀rù ba Ìbídùnní, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń wí pé, “Àmín, Mà! Àmín, Mà!” Ọ̀sẹ̀ yẹn, tòwú tòwú ló fi ń fa òróró jáde nínú gìtá, tí Silas di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún un, tó ń rẹ́rìn-ín. Títí di òní, Màmá Joy gbàgbọ́ pé òróró òun ló jẹ́ kí gìtá náà máa dún tó bẹ́ẹ̀. Ìbídùnní kò jẹ́ sọ nǹkan kan.

Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ẹ rántí rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Lawrence Akíntóyè, tí gbogbo Òdòjọmú ní Oǹdó ń pè ní Tíṣà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ń gbé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó sì ń retí Sátidé bí ọmọdé ti ń retí Kérésì. Ní Sátidé, bí Ìbídùnní bá ti jẹun tán, Tíṣà á gbé àga rẹ̀, á kọjú sí ògiri, á kọ̀yìn sí ọmọ. Ìbídùnní á so gìtá kan mọ́ sípíkà, á ta orin ìyìn kan, ẹsẹ kan péré. Á tún so òmíràn. Iṣẹ́ Tíṣà ni kí ó sọ èwo ni èwo láìwẹ̀yìn.

Kò tàsé rí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: láti ìgbà tí Ìbídùnní ti wà ní ilé ìwé gírámà, bàbá yìí kò tàsé. Lọ́dún kan, Ìbídùnní yọ píkọ́ọ̀pù Pupa, ó fi òmíràn sí i, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e dé Oǹdó, ó ta á. Tíṣà ní, “Ta ló wà nínú Pupa? Kì í ṣe ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

Ìgbà tí Tíṣà bá dárúkọ gìtá náà tán ni ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí Ìbídùnní kò ní gbà.

“Àgbà ni,” bàbá á wí.

“Àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbà pé Pupa ló yẹ orin yìí jù.”

“Pupa bí ti báwo? Orin tí wọ́n ń fi sin Ọlọ́run, o fẹ́ kí eṣinṣin bá wọn kọ ọ́?”

“Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohùn Àgbà ti ń bo ohùn akọrin.”

“Ó ń bò wọ́n ni, àbí ó ń daṣọ bò wọ́n? Ìhòòhò ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀!”

Báyìí ni wọ́n á ṣe máa jà títí ọbẹ̀ á fi tutù, tí àbúrò Tíṣà á fi jáde wá láti ilé ìdáná pé ṣé kí òun pe ọlọ́pàá. Tíṣà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti ń sọ fún un pé ẹni tí kò bá lè jiyàn lórí ohùn, kò tíì gbọ́ ọ. Ọmọ tí kò lè sọ “rárá” fún olórí ọ́fíìsì, olórí àdúrà àti awakọ̀, inú ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló ti ń jà, ìjà náà sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, inú iyàn yẹn ló ń gbé.

Ìgbà òjò ọdún tó kọjá ni nǹkan yí. Iná wà lọ́jọ́ náà, gílóòbù gígùn pálọ̀ tàn gbòò. Ìbídùnní so Pupa mọ́ sípíkà, kíá, Pupa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọmọ ọwọ́ pàápàá á mọ̀ pé Pupa ni. Ìbídùnní ta ẹsẹ orin kan, ó dúró. Tíṣà gbé orí sókè, ó fi ìka kan orúnkún rẹ̀.

“Oníbátìrì,” ni ó wí, pẹ̀lú ìdánilójú.

Ìbídùnní wo ẹ̀yìn orí bàbá rẹ̀, irun funfun tó kù níbẹ̀, awọ ọrùn tó ti hunjọ. Pupa ṣì ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yé e lẹ́ẹ̀kan náà pé kì í ṣe pé bàbá òun ṣèèṣì, pé kò gbọ́ ọ ni. Ó la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé, “Ẹ tàsé.” Báwo ni ọmọ ṣe ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ti lọ? Ẹnu wo ni a fi ń sọ ọ́?

Tíṣà bojú wẹ̀yìn wò ó. “Òun gan-an ni, Bàbá,” ni Ìbídùnní wí.

“Mo mọ̀,” ni Tíṣà dáhùn, ó sì yí àga rẹ̀ padà.

Irọ́ tí a bá fi ìfẹ́ pa máa ń rọrùn láti pa lẹ́ẹ̀kejì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tíṣà pe Àgbà ní Pupa. “Òun gan-an ni, Bàbá.” Ó pe Oníbátìrì ní Àgbà. “Òun gan-an ni, Bàbá.” Nígbà míì, ó máa ń ṣe kòńgẹ́, á sì gbà á, inú Ìbídùnní á dùn débi pé á fẹ́ sunkún. Bí òjò ṣe lọ tí ọyẹ́ dé nìyẹn. Bí wọ́n bá jókòó kojú sí ara wọn, Tíṣà ṣì ń mọ ohun tí èèyàn ń sọ, nítorí ó ń wo ẹnu. Kò sí ẹni tó fura nínú ilé. Ìbídùnní á padà sí Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́, á gbé Pupa àti Oníbátìrì kọ́ sára ògiri láìsọ̀rọ̀, Silas á sì béèrè pé ta ló kú.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di wàhálà ni gìtá ṣọ́ọ̀ṣì Oǹdó. Gìtá béèsì àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Tíṣà bàjẹ́ pátápátá, Ìkórè sì ti dé tán. Gìtá méjì ló wà nílẹ̀ tí wọ́n lè mú. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ kan tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, ó ń dán gbinrin. Èkejì jẹ́ ti oníṣòwò kan láti Àkúrẹ́, ara rẹ̀ ti họ káàkiri. Àwọn ọ̀dọ́ ní èyí tó ń dán ni àwọn fẹ́. Àwọn àgbà ní ẹwà kọ́ ni a fi ń kọrin, èyí tó họ ni kí wọ́n mú. Ọ̀rọ̀ yìí di ìjà, wọ́n ń jà á ní ìpàdé, wọ́n ń jà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni méjì kò sì kí ara wọn mọ́ nítorí igi àti okùn.

Ni ọ̀gá akọrin, Ọlọ́runníyì, bá wá sí ilé Tíṣà ní Sátidé kan. Ìbídùnní ń gún iyán lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

“Bàbá, sà, gbogbo wa ti fẹnu kò. Ẹ̀yin nìkan ni apá méjèèjì lè gbọ́ràn sí lẹ́nu. A ó ta aṣọ sí iwájú pẹpẹ, a ó ta gìtá méjèèjì lẹ́yìn aṣọ kí ẹnikẹ́ni má bàa wo ẹwà. Èyí tí etí bá yàn, òun la ó mú. Ẹ bá wa ṣe é lẹ́yìn ìsìn, kì í ṣe ọ̀la o, Àìkú tó tẹ̀ lé e.”

Ọmọ odó dúró lọ́wọ́ Ìbídùnní. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní: Ẹ kọ̀, Bàbá. Ẹ kọ̀.

“Kò burú,” ni Tíṣà wí. “Etí á yàn án fún yín. Ṣùgbọ́n Ìbídùnní ni kí ó ta á. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀.”

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: Ìbídùnní ló ti bàbá rẹ̀ sínú ọ̀fìn yìí. Bí ó bá ti sọ òtítọ́ ní ìgbà òjò, Tíṣà ì bá ti mọ ibi tí agbára òun mọ. Ní báyìí, ọkùnrin tí gbogbo ìlú fọkàn tán fẹ́ dúró níwájú ìjọ, kí ó wá yan gìtá tó burú níwájú àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá létí á sì gbọ́ àṣìṣe rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ti Ìbídùnní kò tilẹ̀ tíì pé ọdún kan.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Silas. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

“Mo ti rò ó,” ni Ìbídùnní wí. “Èyí tó bá dára jù nínú méjèèjì, màá ta ìparí orin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó á mọ̀ pé àmì ni.”

“Kí ni ó fi máa mọ̀? Ṣé o ti bá a sọ ọ́?”

“Rárá.”

“Ìbídùn, o fẹ́ fi irọ́ bo irọ́. Gba Oǹdó lọ kí o lọ bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀.”

Ó gba Oǹdó lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú Àìkú náà. Kò gbé gìtá kankan dání, nǹkan tí kò ṣe rí. Awakọ̀ béèrè gìtá méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ìbejì rẹ̀ dà. Gbogbo ọ̀nà Òwènà ló fi ń ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lórí bí ọmọ tó fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì níwájú ìjọ. Ó dé, ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀. Ó bá a gé èékánná ẹsẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó gé e tán, ó gbé ojú sókè.

“Bàbá, mo ní kí n sọ pé… ṣé ká jẹ́ kí dókítà yẹ etí yín wò? Àyẹ̀wò lásán ni o.”

Tíṣà wo ẹnu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Etí tèmi? Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?”

“Rárá, Bàbá.”

“Kò dun èmi náà. Èékánná ọmọńdinrín ló kù, rọra gé e.”

Ó gé e. Ó tún kúnlẹ̀, ó ní ó dàárọ̀. Bí ó ti ń lọ ní títì, inú ara rẹ̀ ń bí i, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀dẹ̀ ni òun, pé òun kì í ṣe ọmọ gidi. Ó sọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi kò ní kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú pé. Lẹ́yìn ìsìn, kò sí ẹni tó dìde lọ ilé, àní àwọn tí kì í dúró gba oore-ọ̀fẹ́ parí. Wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé sí iwájú. Tíṣà jókòó sórí àga níwájú gbogbo ìjọ, nínú agbádá funfun, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀. Lẹ́yìn aṣọ, Ìbídùnní dá wà pẹ̀lú gìtá méjì. Ó gbé ti àkọ́kọ́, èyí tó ń dán. Bí ó ti ta okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti mọ àrùn rẹ̀: píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbọ́ okùn tó nípọn jù dáadáa, ó gbọ́ ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, àmọ́ kò gbọ́ èkejì. Orin tí wọ́n bá ta lórí rẹ̀ á máa rì, á máa yọ. Ó gbé èkejì, èyí tó họ. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀rọ̀ bákan náà, ohùn náà jókòó sí ilẹ̀, ó fìdí múlẹ̀. Kò sí àfiwé.

Ó ta àkọ́kọ́, ẹsẹ kan. Ó ta èkejì, ẹsẹ kan. Nígbà tí ó dé ìparí, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ tún un ta fún àmì. Ó rántí ojú Silas. Ó dá ọwọ́ dúró, ó sì di ọrùn gìtá mú gírígírí, ó ń gbàdúrà pé kí bàbá òun ṣe kòńgẹ́.

Ó gbọ́ ìró ọ̀pá Tíṣà lórí sìmẹ́ńtì, ó mọ̀ pé ó ti dìde.

“Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó,” ni Tíṣà wí. “Ẹ ní kí etí yan gìtá fún yín, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n mi ò sọ etí ta ni.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

“Tèmi ti lọ. Ó ti ń lọ sí ọdún kan. Gbogbo gìtá ti di ọ̀kan náà létí mi, gbùù, gbùù, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Àwọn méjì tí ẹ gbọ́ yìí, mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́yìn aṣọ, Ìbídùnní fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ọmọ mi mọ̀,” ni Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Kò sọ fún mi. Ohun tí mo bá ti wí lọ́jọ́ Sátidé, ó á ní òun gan-an ni. Ẹ wò ó, láti kékeré, ọmọbìnrin yìí kò gbà fún mi rí lórí gìtá. Bí mo bá mọ gìtá náà, á jiyàn. Bí mo bá mọ̀ ọ́n dáadáa, á jiyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbà fún mi láìjà ni mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò sí dókítà tó lè sọ ọ́ fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá sọ fún yín ní ilé pé obìnrin ni kí ẹ jẹ́ kí ó yan gìtá, ẹ ó ní kí bàbá lọ sinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá. Ẹ ṣí aṣọ yẹn.”

Ọlọ́runníyì fa aṣọ. Gbogbo ìjọ rí Ìbídùnní, gìtá tó họ ní àyà rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò rí ibi sá sí. Ó wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì kọjú sí i dáadáa kí ó lè rí ẹnu rẹ̀.

“Ọma mi, èwo ni?”

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ti àwọn ọ̀dọ́, ti àwọn àgbà, ti ọmọkùnrin tó ń lọ ìlú òyìnbó. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá ti ní ohunkóhun tí ẹ bá wí ni, sà. Ó gbé gìtá tó ń dán sókè.

“Èyí kò dára,” ni ó wí. Ó tún un sọ sókè. “Kò dára. Okùn kejì rẹ̀ kò dún tó. Ẹ gbọ́ ọ.” Ó ta á, wọ́n sì gbọ́ ọ. “Èyí tó họ yìí ni kí ẹ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú u nítorí pé àwọn àgbà ló fẹ́ ẹ o. Ó dára ni.”

Ìkùnsínú díẹ̀ ṣẹlẹ̀. Pa Oríọlá, alága ìgbìmọ̀ Ìkórè, dìde láti ìjókòó iwájú, ó sún mọ́ Tíṣà, ó pariwo sí i létí pé, “Tíṣà! Ṣé ẹ fọwọ́ sí ohun tó sọ?”

“Mi ò gbọ́ ìkínní,” ni Tíṣà dáhùn, “mi ò gbọ́ èkejì. Ọmọ mi ni mo gbọ́.”

Ó parí síbẹ̀. Wọ́n mú gìtá tó họ.

Nígbà tí èrò túká, bàbá àti ọmọ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ìbídùnní di apá bàbá rẹ̀ mú. Ó sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé pé kí ó dárí ji òun, pé òun purọ́ fún un. Tíṣà ń wo ọ̀nà, kò wo ẹnu rẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

“Ẹ̀n?”

Ó tún un wí. Tíṣà mi orí.

Ni Ìbídùnní bá dúró láàárín títì, ó gba afẹ́fẹ́ sínú, ó sì pariwo bí kò ti pariwo sí àgbà kankan rí: “MO NÍ MO PURỌ́ FÚN YÍN! Ẹ MÁ BÍNÚ!”

Ọlọ́kadà kan yí ojú padà. Obìnrin kan tó ń tẹ́ ọsàn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì pòṣé, ó ní, “Wo ọmọ tó ń jágbe mọ́ bàbá rẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú!”

Tíṣà gbọ́ ọ wàyí. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. “Mo mọ ìdí tí o fi pa á,” ni ó wí. “O kò fẹ́ kí n darúgbó. Mo ti darúgbó, ọma mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o máa sọ̀rọ̀ sókè.”

“Ẹ Ò TILẸ̀ ṢE DÁADÁA,” ni Ìbídùnní ké mọ́ ọn pẹ̀lú omijé lójú, “Ẹ MỌ̀, Ẹ SÌ JẸ́ KÍ N MÁA KÚ LỌ!”

“Èmi kọ́ ni mo ní kí o kú!”

Wọ́n ń bá a lọ báyìí, wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn, gbogbo ẹni tí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀ ń dúró wò wọ́n. Kò sí ẹni tó kọjá tí kò rò pé ìjà ni.